Ọkọ̀ Òfúrufú Aago Mẹ́rin

Àdúgbò kì í pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àǹtí Fóònù ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí pé iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ló ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ olówó lọ. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì, iná kan tó ní ọrùn gígùn bíi ti lékèélékèé, àti irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà mọ́ra. Fóònù tó fọ́, fóònù tí kò gbọ́ràn, fóònù tí ìyàwó ilé sọ mọ́ ògiri nítorí ohun tó kà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń tò síwájú rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Á sọ fún oníbàárà pé kò sí ohun tó ṣe fóònù yìí, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé fóònù tó já sómi wá, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Á gbé e síwájú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, á tú u, á fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Àwọn tó mọ ìdí kì í bi í.

Omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mẹkáníìkì ọkọ̀ òfúrufú ni ọkọ náà, ní pápákọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń fi ọkọ̀ kéékèèké kó ẹrù kọjá omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá awakọ̀ lọ. Àwọn méjì péré ni, pẹ̀lú àwọn páálí oògùn. Wọn ò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n wá wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn ò rí irin, wọn ò rí aṣọ, wọn ò rí bàtà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ́fíìsì tó ń wádìí ìjàǹbá òfúrufú fi ìwé olójú méjì ránṣẹ́. Lójú kìíní ni wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọkọ̀ náà sí: ọdún tí wọ́n ṣe é, irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹyọ mẹ́fà, nọ́ńbà pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Lójú kejì ni wọ́n ti sọ pé àwọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àǹtí Fóònù ka ìwé náà títí tó fi mọ ọ́n sórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jọ ń gbé ilé oníyàrá méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àwọn ẹbí ní kí ìyá máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá ní òun ò lọ síbì kan, ibi tí ọmọ òun ti jáde lòun máa wà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá kó tó fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún ló fi ń gbé ìwo onígi kékeré lé ikùn aboyún, tí á gbé etí lé e, tí á sì máa gbọ́ ọkàn ọmọ. Ojú rẹ̀ ti ń kú lọ báyìí, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló kù tó ń rí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Bí ẹnìkan bá ṣe ń wọ́ bàtà lójú ọ̀nà, ó ti mọ ẹni náà.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìyá kò fi dárúkọ ọmọ rẹ̀ létí ìyàwó. Wọn á jẹun, wọn á gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan tí Àǹtí Fóònù tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá jókòó sẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù, ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan kọjá lókè. Ìyá gbé orí sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ.

"Ọkọ ẹ ló ń kọjá yẹn," ó wí, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Àǹtí Fóònù rò pé òun ṣì í gbọ́. "Màámi, kí lẹ wí?"

"Mo ní ọkọ ẹ ni. Aago mẹ́rin ló máa ń kọjá, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí."

Ara Àǹtí Fóònù bù máṣọ. Ó ní kí ìyá jẹ́ kí àwọn wọlé, pé afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, tí aago mẹ́rin lù, ó rí i pé òun náà ti gbé irin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun ń wo òkè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni tíṣà físíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé nǹkan kékeré kan wá fún àtúnṣe. Kò ju àtàǹpàkò lọ, ó rí bíi fúláàṣì téèyàn ń kì bọ ojú USB, àmọ́ ihò wáyà eriali wà ní ìdí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Àǹtí Fóònù fi irin tọ́ ọ, ó lẹ̀ ẹ́ padà.

"Sà, kí ni nǹkan yìí ń ṣe gan-an?"

"Rédíò ni," tíṣà dáhùn. "Rédíò tí kò lẹ́nu. Òun á gbọ́, kọ̀ǹpútà á túmọ̀. Èmi fi ń gbọ́ ọkọ̀ òfúrufú."

"Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ lẹ fi ń gbọ́?"

"Rárá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àpótí kan wà nínú ọkọ̀ òfúrufú tí kì í sinmi. Á máa pe orúkọ ara rẹ̀ ṣáá: èmi rèé, gíga tí mo wà nìyí. Àwọn tuntun tún ń sọ ibi tí wọ́n wà. Èyí tó bá jẹ́ ti àtijọ́, orúkọ àti gíga ni tiẹ̀ mọ."

"Orúkọ báwo?"

"Ẹyọ mẹ́fà. Nọ́ńbà pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Kò yẹ kí ọkọ̀ méjì jẹ́ ọ̀kan náà."

Òórùn igi tó ń jó ló jí Àǹtí Fóònù lójú èrò. Irin ọwọ́ rẹ̀ ti ń jó etí tábìlì.

Ó ra tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé ó gba ìyá gbọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun á fojú ara òun rí orúkọ ọkọ̀ aago mẹ́rin, òun á kà á sí ìyá létí, ìyá á gbà pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ọjọ́ Sátidé ló tò ó, lórí kọ̀ǹpútà àgbéletan kan tí ojú rẹ̀ ti sán. Ó rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni, ṣebí òun tó ń bó fóònù bí ẹni bó ẹ̀pà kò yẹ kó bẹ̀rù rédíò. Nígbà tó ki nǹkan náà bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní òun ti rí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Lóòótọ́, nítorí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà sì ti gbé díráfà tẹlifíṣọ̀n, ìlànà tó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, dì í mú, sọ́fútíwíà tó máa túmọ̀ ohùn ọkọ̀ òfúrufú kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn fẹ́ bá ìyàwó sọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ díráfà yẹn kúrò, ó fi òmíràn sí i, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án, ó tún un pa. Lẹ́ẹ̀kẹta ni sọ́fútíwíà ṣí ojú dúdú kan, ó ní òun ń gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Eriali tó bá a wá ti gùn jù. Ó gé wáyà bàbà ní mílímítà mọ́kàndínláàádọ́rin, kò gùn ju ìka ìfábẹ̀lá lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí agolo mílíìkì kó lè dúró ṣánṣán. Ó gbé e sójú fèrèsé, ariwo firíìjì bò ó. Ó gbé e jìnnà sí firíìjì, ariwo ṣájà kọ̀ǹpútà bò ó. Níkẹyìn ó fi wáyà gígùn so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gun àkàbà, ó de eriali mọ́ òpó lórí òrùlé, ìyá sì dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà tí kò rí mú.

Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ìlà kan ti yọ lójú dúdú náà. Ọkọ̀ ńlá kan ni, ó wà lókè réré ní ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì. Inú Àǹtí Fóònù dùn bí ìgbà tí fóònù tó kú tanná.

"Màámi, ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lórí wa báyìí, a ò tilẹ̀ gbọ́ ọ."

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi," ni ìyá wí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́ta. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun. Ìyá wà lẹ́yìnkùlé. Ohùn ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ìlà tuntun yọ nísàlẹ̀ ojú dúdú. Ẹyọ méjì àkọ́kọ́ ló kà tó fi dá a mọ̀. Kò nílò àtika ìyókù, síbẹ̀ ó kà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi dé ìkẹfà.

Àmì ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ni.

Àyè tó yẹ kí wọ́n kọ ibi tí ọkọ̀ wà sí ṣófo. Àwòrán ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò fi nǹkan kan hàn. Gíga nìkan ló ń yí: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà dín ọgọ́rùn-ún, dín igba, dín irínwó. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ìlà náà kú kúrò lójú ẹ̀rọ.

"Ṣé ó ti lọ?" ìyá bèèrè láti ẹ̀yìnkùlé.

Àǹtí Fóònù pa kọ̀ǹpútà dé.

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀rọ náà wò bí ó ṣe máa ń yẹ fóònù tó ń purọ́. Ó ti kà á pé sọ́fútíwíà náà a máa ṣàánú ọ̀rọ̀ tó bá dé ní fífọ́. Á fojú bu ohun tó sọnù, á sì dí i. Bí ó bá ṣì í bù, ó lè bí ọkọ̀ tí kò sí láyé. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìrànlọ́wọ́ yẹn, ó pa á. Bó bá jẹ́ iwin ni, kó dá ara rẹ̀ gbé wá.

Lọ́jọ́ Ajé, àmì náà dé nígbà mọ́kànlélógójì láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbogbo rẹ̀ pé. Kò sí èyí tó fọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi bátìrì fóònù ẹnìkan sínú ti ẹlòmíràn, ó sì bá oníbàárà jà lórí ẹ̀bi ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó bá ara rẹ̀ níwájú dígí, ó ń kun àtíkè kó tó lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ojú tì í débi pé ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, á rò pé òkú ni, kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, á rò pé ọkùnrin náà kò kú rárá, ó wà nílùú ibòmíràn pẹ̀lú obìnrin mìíràn, ó ń gba orí ilé kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò sì yà. Èyí ló dùn ún jù. Òkú tó ń fò sàn fún un ju alààyè tó ń kọjá lọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ gbogbo ọjọ́ àti aago náà sínú ìwé, ó wọ ọkọ̀, ó lọ sí pápákọ̀ tí kò tẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Bàbá Nọ́ọ̀tì ló wá lọ. Òun ni àgbà mẹkáníìkì ibẹ̀, òun ló kọ́ ọkọ rẹ̀ níṣẹ́. Orúkọ ìnagijẹ yẹn mọ́ ọn lára nítorí nọ́ọ̀tì onírin tí kì í tán nínú àpò rẹ̀. Bó bá ń rìn, ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Bàbá fi awò sójú, ó ka ìwé náà. Lẹ́yìn náà ó wá táyà kan, ó jókòó lé e.

"Ìyàwó wa, ta ló fún ẹ ní àmì yìí?"

"Òkè ni mo ti gbọ́ ọ, Bàbá. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó dìde, ó mú un lọ sínú ilé ńlá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ìlà búlúù lára. Àǹtí Fóònù kò mọ̀ ọ́n rí. Bàbá gòkè sínú rẹ̀, ó tú súkúrù díẹ̀, ó sì fa àpótí dúdú kan jáde, èyí tó ń pe orúkọ ọkọ̀, tó nípọn bí ìwé ńlá. Wọ́n lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bébà náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n Àǹtí Fóònù mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. *Ó ń dákẹ́ lójú òfúrufú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbéra láìsí i.* Ọjọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lọ tí wọn ò dé náà ni.

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọkọ ẹ yọ ọ́ nínú ọkọ̀ wọn," Bàbá wí. "Ó ní ó gbọ́dọ̀ lọ fún àtúnṣe, pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá ìgbà yẹn ní oògùn ò lè dúró, ojú ọjọ́ dára, awakọ̀ mọ̀nà. Wọ́n jiyàn títí. Awakọ̀ yẹn kéré lọ́jọ́ orí, kò lè kọ̀ fún ọ̀gá. Ọkọ ẹ wá ní tó bá jẹ́ pé ó máa lọ dandan, òun ò ní jẹ́ kó dá lọ. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ ẹ̀, ó bá a gòkè."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń wò wọ́n."

"Nígbà tí wọ́n ń wá wọn?"

"Wọ́n ń wá ọkọ̀ tí kò lè pe orúkọ ara ẹ̀. Ibi tó yẹ kó gbà ni wọ́n wá a sí. Ta ló mọ ibi tó gbà?" Bàbá ń fi àtàǹpàkò pa etí àpótí náà. "Ọ̀gá ní ẹni tó bá lanu, iṣẹ́ ẹ̀ ti bọ́. Ọmọ márùn-ún ló wà lọ́rùn mi nígbà yẹn. Àpótí yìí ti àtúnṣe dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó láyà àtilò ó. Orí pẹpẹ ló wà láti ìgbà náà, títí tí àpótí ti ọkọ̀ yìí fi bàjẹ́ ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tuntun tó ń ṣiṣẹ́ níbí gbé e sí i, wọn ò sì pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ nínú ẹ̀. Èmi rí bébà yẹn. Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Ẹkún ò wá, igbe ò sì wá. Àǹtí Fóònù wo ọkùnrin àgbà náà.

"Ẹ wá kí wa nígbà náà, Bàbá. Ẹ jókòó sórí àga ilé mi."

"Mo jókòó."

"Ẹ gba omi lọ́wọ́ mi, ẹ mu ún."

"Mo mu ún, ìyàwó wa."

"Ó dáa. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀sán gbáko ló fi kọ ọ́, pẹ̀lú bírò tí kò ń yọ dáadáa, Àǹtí Fóònù sì dúró tì í títí tó fi tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Bàbá bi í, pẹ̀lú ohùn tó relẹ̀, bóyá kí àwọn ṣì fi orúkọ náà sílẹ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Àǹtí Fóònù ká ìwé náà. "Ẹ pa á rẹ́," ó wí. "Ó ti pè tó."

Kò tíì rójú sọ fún ìyá nígbà tí Ọjọ́bọ̀ fi pé. Ní aago mẹ́rin, ọkọ̀ onílà búlúù náà kọjá, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ̀nà kan náà. Àmì tuntun ló yọ lójú kọ̀ǹpútà, àmì kan tí kò bá a tan rárá. Ó jáde sẹ́yìnkùlé. Ìyá ń ká aṣọ. Kò gbé orí sókè.

"Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ ọkọ̀ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe òun."

Àǹtí Fóònù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpótí, bébà, ọ̀gá, àti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì irinṣẹ́. Ìyá gbọ́ ọ dé òpin. Àǹtí Fóònù wá bi í ní ohun tó ń dẹ́rù bà á: báwo ló ṣe mọ̀, nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà, tí kò sì sí etí èèyàn tó lè gbọ́ ohun tí àpótí ń sọ?

"Mo ti fi etí yìí gbọ́ ẹni tí kò tíì dé," ìyá wí. "Ṣé ẹni tó ti lọ ni mi ò wá ní gbọ́?" Ó sì nawọ́ kan aṣọ tó kù.

Ìwé tí Bàbá Nọ́ọ̀tì kọ dé ọ́fíìsì ìwádìí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá àtijọ́, ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tó sì ní òun ò rántí. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ìwé olójú méjì di olójú mẹ́ta. Lójú kẹta yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé mẹkáníìkì náà kìlọ̀, wọn ò sì gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀. Wọn ò rí ọkọ̀ náà títí dòní. Wọ́n ní omi ibi tó ṣeé ṣe kó gbà jìn, wọn ò sì mọ ibi tí àwọn á ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní kí ìyàwó ka ojú kẹta náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà náà, nígbà mìíràn tí gbogbo ibi bá pa rọ́rọ́, tí kò sí ọkọ̀ kankan lókè, tí ojú kọ̀ǹpútà sì ṣófo, ìyá á gbé orí sókè, á tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àǹtí Fóònù kì í bi í mọ́ ohun tó ń gbọ́.

Bàbá Nọ́ọ̀tì pàdánù iṣẹ́ lórí ìwé tó kọ. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Á jókòó sórí àga kejì, á fọwọ́ lé orúnkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Àǹtí Fóònù ò fi dá a lóhùn ìkíni, kò sì lé e. Àwọn oníbàárà rò pé bàbá rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó ń lẹ wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun, ó sì wí láìgbójú sókè pé kí Bàbá sún díẹ̀, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lójú. Bàbá sún àga rẹ̀, ó sì dúró síbi tó sún sí.